Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni àgbàlagbà ṣe lè ka Great Expectations lódindi láì já a sílẹ̀ lágbedeméjì?

Àlàbí_Akàwé
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ìwé Great Expectations tí Charles Dickens kọ ni mo fẹ́ bi yín léèrè. Ẹ̀dà tí wọ́n gé kúrú fún àwọn ọmọ iléèwé nìkan ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo wá fẹ́ ka ojúlówó rẹ̀ báyìí tí mo ti lé lógójì ọdún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ló ń dá mi dúró: bí Pip, ọmọkùnrin tó ń sọ ìtàn náà, bá ti dé Lọ́ńdọ̀nù báyìí, ó parí. Gbólóhùn ibẹ̀ gùn, orúkọ èèyàn pọ̀, owó tí wọ́n ń ná kò yé mi, Joe alágbẹ̀dẹ, ọkọ ẹ̀gbọ́n Pip, sì ń sọ ọ̀rọ̀ tí n kò rí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Ẹ̀dà wo ni kí n mú? Báwo ni kí n ṣe pín in sí ọjọ́? Ṣé ibì kan wà tí mo lè fò? Ṣé kí n kọ́kọ́ wo fíìmù rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn ní kí n ṣe sùúrù, ohun tí mo lè fi ọwọ́ mú ni mo ń wá.

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú iṣẹ́, Àlàbí. Fíìmù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Èyí tí David Lean ṣe ní 1946 ni kí ẹ mú, bíi wákàtí méjì ni gbogbo rẹ̀. Bí ojú yín bá ti mọ itẹ́ òkú létí irà àti ilé Miss Havisham, ìyá olówó inú ìtàn náà, Gẹ̀ẹ́sì yẹn kò ní fi bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà yín mọ́.

Tíṣà Lítíréṣọ̀
Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ìyẹn. Fíìmù 1946 dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yọ Orlick, òṣìṣẹ́ Joe, kúrò níbẹ̀ pátápátá, wọ́n sì yí ìparí padà. Orlick ló lu ìyàwó Joe dalẹ̀, òun náà ló fẹ́ pa Pip ní orí 53. Ẹni tó bá ti wo fíìmù ṣáájú á máa ka ọ̀rọ̀ Orlick bí ẹni pé àsọdùn ni. Ẹ jẹ́ kí fíìmù kẹ́yìn.

Ó wá kan ẹ̀dà. Kí ẹ tó sanwó fún èyíkéyìí, ẹ ṣí i, kí ẹ ka iye orí rẹ̀. Ojúlówó ní orí 59. Bí ẹ bá rí 20 tàbí 30, wọ́n ti gé e. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ wo orí 7, níbi tí Pip ti kọ lẹ́tà sí Joe lórí wàláà. Nínú ojúlówó, wọ́n tẹ lẹ́tà náà bí ọmọdé ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú gbogbo àṣìkọ rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ̀dà àgékúrú fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Apá mẹ́ta ni ìtàn náà ní: orí 1 sí 19, orí 20 sí 39, orí 40 sí 59. Ìdìpọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ní 1861, nítorí náà àwọn ẹ̀dà kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ìkàyé lọ́tun ní apá kọ̀ọ̀kan. Bí ìwé yín bá sọ pé "Apá Kejì, orí 20", orí 39 ni àwa ń pè é níbí. Ẹ kọ èyí sí ẹ̀yìn ìwé yín kí àlàyé tí ẹ bá rí níbòmíràn má baà ṣì yín lọ́nà.

Tí ẹ bá fẹ́ ọ̀fẹ́, ó wà lórí Project Gutenberg, ibi ìkówèésí ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà 1400. Ẹ gba irú èyí tó ń jẹ́ EPUB sórí fóònù, ẹ má ka ti inú ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, torí lójú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, bí ẹ bá ti pa á, ẹ ó máa wá ibi tí ẹ dé kiri. Nínú EPUB, ẹ ó tẹ ọ̀rọ̀ tó bá ṣòro mọ́lẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ á yọ. Bí ó bá jẹ́ ti ìwé títẹ̀ ni ẹ fẹ́, Penguin Classics tàbí Oxford World's Classics ni kí ẹ rà nítorí àlàyé tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ MÁ ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú wọn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ ọ́ gbà pé ẹ ti mọ ìtàn náà, wọ́n á tú gbogbo àṣírí rẹ̀ láàárín ojú ewé mélòó kan. Ẹ há a mọ́ra pẹ̀lú kílíìpù, kí ẹ ṣí i lọ́jọ́ tí ẹ bá parí.

Ìwé náà tó nǹkan bí ọ̀rọ̀ 185,000. Ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ 200 ní ìṣẹ́jú kan á lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àbọ̀. Tí ẹ bá ń kà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, oṣù kan ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ojú ewé kà á, orí ni kí ẹ máa kà. Inú All the Year Round, ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí Dickens fúnra rẹ̀ ń darí, ló ti kọ́kọ́ jáde láti December 1860 títí di August 1861, ọ̀sẹ̀ 36 gbáko. Ó fẹ́ kí òǹkàwé ra ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tó fi máa ń so ọ̀rọ̀ rọ̀ síbi tí orí bá parí sí. Orí méjì lálẹ́ kan, ọgbọ̀n alẹ́. Ẹ má dúró láàárín orí láé, torí ibẹ̀ gan-an ni èèyàn ti ń já a sílẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Ìwé
Mo gba ti Tíṣà lórí ẹ̀dà, àmọ́ orí méjì lálẹ́ kò lè ṣiṣẹ́ ní apá kejì. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láti orí 20 sí 26: Jaggers lọ́yà, Wemmick akọ̀wé rẹ̀, Herbert ọ̀rẹ́ Pip, Matthew Pocket àti agboolé rẹ̀, Drummle, Startop, Molly, gbogbo wọn kóra jọ láàárín orí méje. Tí ẹ bá ń kà á ní méjì-méjì, kí ẹ tó dé orí 26 ẹ ti gbàgbé ẹni tí ẹ bá pàdé ní orí 20. Ibẹ̀ ni Àlàbí ń jábọ́ sí. Ìjókòó méjì ni kí ẹ fi ka orí méjèèje, ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú. Lẹ́yìn náà ẹ padà sí méjì-méjì.

Kí ẹ sì fa ìlà sórí bébà kan. Ẹ má to orúkọ bí wọ́n ṣe ń wọlé, ibi tí wọ́n ń gbé ni kí ẹ fi pín wọn. Ti abúlé: Joe, ìyàwó rẹ̀, Biddy, Orlick, Pumblechook, Wopsle. Ti Satis House, ilé Miss Havisham: òun fúnra rẹ̀, Estella ọmọ tó gbà tọ́, àti àwọn ẹbí tó ń wá kí i nítorí ogún. Ti Lọ́ńdọ̀nù: Jaggers ní Little Britain, Wemmick ní Walworth, Herbert àti Pip ní Barnard's Inn kí wọ́n tó kó lọ sí Temple, àwọn Pocket ní Hammersmith. Bí ẹnì kan láti ìlà kan bá ti fara hàn nínú ìlà kejì, ẹ fa àmì sí i. Gbogbo àṣírí inú ìwé yìí, ibi tí ìlà wọ̀nyẹn ti kan ara wọn ló wà.

Lórí ohun tí ẹ lè fò: orí 31, níbi tí Wopsle ti ń ṣe eré Hamlet. Ẹ fò ó, ẹ kò pàdánù nǹkan kan. Ìdajì ìparí orí 23 náà, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Pocket tí wọ́n ń ṣubú kiri.

Ọmọ Ewìrì
Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ má jẹ́ kó fo orí 31 o! Ní orí 47 Pip tún lọ wo Wopsle níbi eré. Láti orí ìtàgé ni Wopsle ti rí ẹni tó jókòó sẹ́yìn Pip, òun ló sì sọ fún un. Bí èèyàn kò bá mọ̀ láti orí 31 pé Wopsle ti di eléré, àti pé Pip máa ń lọ wò ó, orí 47 á dà bí ohun tó já látojú ọ̀run. Kò gùn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Orí 23 ni mo gbà pé ẹ lè yára kọjá.

Lórí Gẹ̀ẹ́sì Joe, ojú kọ́ ni kí ẹ fi kà á, ẹnu ni. Dickens kọ ọ́ bí etí ṣe gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹlẹ́wọ̀n bá ń bèèrè "wittles" ní orí kìíní, "victuals" ni, oúnjẹ. "Warmint" tó ń sọ, "varmint" ni. Ẹ kàn fi v sípò w, púpọ̀ nínú rẹ̀ á yanjú. Joe ní tirẹ̀ máa ń gba ọ̀rọ̀ ńlá mú láìtọ́. Ó ní "purple leptic fit" pa bàbá òun, ó fẹ́ sọ "apoplectic fit", àrùn rọpárọsẹ̀. Ní orí 57 ó ní "coddleshell", ó fẹ́ sọ "codicil", àfikún tí wọ́n fi sínú ìwé ìhágún. Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, etí yín á dá a mọ̀ kí ẹ tó ṣí ìwé atúmọ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà: wọ́n ní "ọwọ́" ni ìyàwó Joe fi tọ́ Pip dàgbà. Ohun tó túmọ̀ sí láyé ìgbà náà ni pé síbí tàbí ìgò ni wọ́n fi bọ́ ọmọ náà, kò rí ọmú mu, torí ìyá rẹ̀ ti kú. Pip kékeré kò mọ̀. Lójú tirẹ̀, ọwọ́ tó ń gbá a létí ni wọ́n ń wí. Ibi méjèèjì ni ọ̀rọ̀ náà dé, kí ẹ fi méjèèjì sọ́kàn.

Ẹ fara balẹ̀ pẹ̀lú ohun tó jẹ́ ti agbẹ̀dẹ nínú ìwé yìí. Orin Old Clem tó wà ní orí 12, orin tí wọ́n ń fi owú lù ni, ìró irin ni ìlù rẹ̀. Clement ni ẹni mímọ́ tí àwọn alágbẹ̀dẹ Gẹ̀ẹ́sì ń bọ̀wọ̀ fún. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ki Ògún nídìí ewìrì á tètè mọ irú orin tó jẹ́. Ẹ wá wo ibi tí Pip gbé e lọ: ilé Miss Havisham. Òun, Estella àti ìyá àgbà náà ń kọ orin agbẹ̀dẹ nínú yàrá tí aago ti dúró, bí wọ́n ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yípo.

Àbẹ̀kẹ́_Ìwé
Ọmọ Ewìrì, o ṣé. Mo gbà, mo gba orí 31 padà. Àlàbí, ẹ má fò ó.

Àlàbí_Akàwé
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti gba EPUB náà, orí 59 ló ní. Mo ti fa ìlà sórí bébà bí àǹtí ṣe wí. Ẹ wá bá mi dá sí ọ̀rọ̀ owó. Guinea, crown, shilling, èwo nínú wọn ló pọ̀? Ṣé kí n máa yí i padà sí náírà?

Ọ̀dọ̀fin
Ẹ má yí i sí náírà. Iye tí ẹ bá rí kò ní sọ nǹkan kan fún yín, torí iye owó oúnjẹ, ilé àti iṣẹ́ nígbà náà kò bá tòní dọ́gba. Inú ìwé ni kí ẹ ti fi owó wọn owó.

Láyé ìgbà náà, pẹ́ńsì 12 ni shilling kan. Shilling 20 ni pọ́n-ùn kan. Crown jẹ́ shilling 5, ààbọ̀ crown jẹ́ shilling 2 àti pẹ́ńsì 6. Guinea jẹ́ shilling 21, ìyẹn pọ́n-ùn kan ó lé shilling kan. Guinea ni àwọn ọlọ́lá àti lọ́yà fi ń ka owó.

Ní orí 13, Miss Havisham san guinea 25 kí wọ́n lè gba Pip sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ẹ kọ iye yẹn sílẹ̀. Òun ni owó iṣẹ́ tí ọmọkùnrin máa fi jẹun títí ayé. Ní orí 18, Jaggers ka guinea 20 sórí tábìlì fún Pip láti fi ra aṣọ tuntun. Aṣọ! Ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iye tí wọ́n fi ra iṣẹ́ ọwọ́ fún un. Ẹni tó bá rí èyí ti mọ ìdí tí orí Pip fi yí, kò sẹ́ni tó máa tún ṣàlàyé rẹ̀ fún un.

Ní orí 36 Pip pé ọmọ ọdún 21, wọ́n fún un ní pọ́n-ùn 500, wọ́n ní iye tó máa fi gbé ọdún kan nìyẹn. Síbẹ̀ gbèsè ló ń jẹ. Ní orí 49 ó tọrọ pọ́n-ùn 900 lọ́wọ́ Miss Havisham, fún Herbert ni, kì í ṣe fún ara rẹ̀. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ìyẹn. Ní orí 57, gbèsè tí wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ mú un jẹ́ pọ́n-ùn 123, shilling 15, pẹ́ńsì 6. Ẹ wo ẹni tó san án, kí ẹ wá rántí guinea 25.

Ẹyọ owó bébà pọ́n-ùn kan méjì tó wà ní orí 10 náà ńkọ́? Ẹ tẹ̀ lé e. Ó tún yọ lẹ́nu àwọn ẹlẹ́wọ̀n nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ní orí 28. Ní orí 39 Pip fẹ́ fi méjì tó mọ́ dáradára san án padà fún Magwitch, ẹlẹ́wọ̀n orí kìíní tó ń náwó fún un, ìyẹn sì dáná sun ún lójú fìtílà.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀dọ̀fin, ẹ ti tú àṣírí o! Àwọn mìíràn ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí wọn kò tíì ka ìwé náà rí. Adùn rẹ̀ ni kí èèyàn má mọ ẹni tó ń náwó fún Pip títí yóò fi dé orí 39.

Àlàbí_Akàwé
Ẹ má bínú sí wọn, ìyá. Inú àgékúrú ni mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ń bẹ̀rù pé ìyẹn ti ba ìwé náà jẹ́ fún mi.

Tíṣà Lítíréṣọ̀
Kò bà á jẹ́. Ẹni tó mọ̀ gan-an ló máa rí ohun tí Dickens fi pa mọ́ síta gbangba. Ní orí 10, àjèjì kan ń fi ayùn irin tí wọ́n fi ń rẹ́ ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ro ọtí rẹ̀, Pip nìkan ló rí i. Ní orí 18, ẹ ka ọ̀rọ̀ Jaggers lẹ́ẹ̀mejì: kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó sì fòfin de ìbéèrè. Pip fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ Miss Havisham, torí pé Jaggers ni lọ́yà rẹ̀, Matthew Pocket sì jẹ́ ẹbí rẹ̀. Lọ́yà náà kò purọ́ fún un níbì kankan. Ní orí 40 ó ránnilétí pé ẹ̀rí ni kí èèyàn gbà, kì í ṣe bí nǹkan ṣe rí lójú. Ẹ fi pẹ́ńsùlù fa àmì síbi gbogbo tí Pip bá ti gba nǹkan gbọ́ láìní ẹ̀rí. Ẹni tó bá kà á láìmọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ó ku òfin, torí apá kẹta kò lè yé èèyàn láìsí i. Ọkọ̀ ojú omi ògbólógbòó ni ẹ̀wọ̀n tí Magwitch ti sá ní orí kìíní. Wọ́n yọ òpó ìgbòkun wọn, wọ́n so wọ́n mọ́lẹ̀ sínú odò, wọ́n kó ẹlẹ́wọ̀n kún inú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n kó o lọ sí New South Wales ní Ọsirélíà, títí ayé. Ó lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó sì lówó, ṣùgbọ́n bó bá fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà, ikú ni ìjìyà rẹ̀ ní àsìkò tí ìtàn náà ń ṣẹlẹ̀. Dúkìá ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi báyìí, ọba ló ni ín. Ìdí nìyẹn tí Wemmick fi ń tẹnu mọ́ dúkìá tó ṣe é gbé lọ́wọ́, ìdí nìyẹn náà tí Pip fi pàdánù gbogbo rẹ̀ ní orí 55. Nígbà tí Dickens ń kọ ọ́ ní 1860, ogún ọdún ti kọjá tí wọ́n ti dẹ́kun kíkó ẹlẹ́wọ̀n lọ sí New South Wales. Ayé ìgbà èwe rẹ̀ ló ń padà sí.

Àbẹ̀kẹ́_Ìwé
Mo fẹ́ fi kún ohun tó jọ mí lójú jù fún ẹni tó ti dàgbà. Pip méjì ló ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí. Ọ̀kan ni ọmọdé tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí, èkejì ni àgbàlagbà tó ń rántí. Àgékúrú máa ń pa ti àgbàlagbà rẹ́, ìtàn nìkan ló ń kù. Nítorí náà, ohùn yẹn gan-an ni ẹ ń ra pẹ̀lú ìwé ńlá yìí, ìdí sì tún nìyẹn tí gbólóhùn fi gùn: àgbàlagbà ń rò ó bó ṣe ń sọ ọ́.

Ẹ kọ A sí ẹ̀gbẹ́ ìwé níbi tí àgbàlagbà bá ti ń sọ̀rọ̀. Ní orí 8, Estella fi ọwọ́ gbígbó àti bàtà Pip ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ náà lọ sunkún nídìí ògiri. Ibẹ̀ ni àgbàlagbà ti dá sí i, tó ní kò sí ohun tí ọmọdé ń tètè mọ̀ lára tó ìrẹ́jẹ, torí ayé ọmọdé kéré, ohun kékeré a sì tóbi nínú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ orí 14, ó ní ó burú jọjọ kí ilé ẹni máa ti ẹni lójú. Ọmọdé kò lè sọ gbólóhùn yẹn, ẹni tó ti kábàámọ̀ rẹ̀ ló lè sọ ọ́. Bí ẹ bá ti dé orí 20, tí ẹ kò rí A púpọ̀ mọ́, ẹ máa wá a dáadáa. Pip tó ń ná owó ní Lọ́ńdọ̀nù kò ṣe é fẹ́ràn, ohùn àgbàlagbà tó ń tì í lójú láti ẹ̀yìn nìkan ló jẹ́ kí èèyàn fara dà á.

Ẹ wá jẹ́ kí orí 27 jẹ́ ti ọjọ́ kan lọ́tọ̀, ẹ má ka orí mìíràn mọ́ ọn. Joe wá kí Pip ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò mọ ibi tó máa fi fìlà rẹ̀ sí, ó gbé e sórí pèpéle ibi ìdáná, ó ń já bọ́, ó ń hán an. Ọmọdé á fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ẹ fetí sí bó ṣe ń pe Pip. Á pè é ní Pip, á yí i padà sí "sà". Gẹ̀ẹ́sì kò ní "ìwọ" àti "ẹ̀yin" bíi tiwa, "sà" yẹn nìkan ló ní. Kí ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, tó gbà ọ́ lọ́wọ́ ẹgba, wá ṣí ẹnu kó ní "ẹ jókòó, sà": Yorùbá ò nílò àlàyé ibi tí ìyẹn ti ń dunni. Kó tó lọ, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ bí oníṣẹ́ irin: pé ìpínyà lóríṣiríṣi tí wọ́n jó pọ̀ bí irin ni ayé, ọ̀kan á jẹ́ alágbẹ̀dẹ, òmíràn á jẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà, òmíràn ti bàbà.

Ọmọ Ewìrì
Àǹtí, ẹ ti sọ ọ́. Kí ẹ gbé orí 57 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Pip dùbúlẹ̀ àìsàn, Joe ń tọ́jú rẹ̀, "Pip" lásán ló ń pè é, bíi ti àtijọ́. Bí ara rẹ̀ ṣe ń le ni "sà" ń padà. Àgékúrú kì í ṣe ìyẹn, wọ́n máa ń mú kí Joe sọ̀rọ̀ bákan náà látòkè délẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ó dáa, mo ti gbọ́ ti fíìmù. Ohùn ńkọ́? LibriVox, ibi tí wọ́n ti ń ka ìwé sókè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní i lọ́fẹ̀ẹ́, bíi wákàtí méjìdínlógún sí ogún. Ẹni tó ń wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lè fi gbọ́ ọ tán.

Tíṣà Lítíréṣọ̀
Ìyẹn dára, Ìyá Ìbejì, pàápàá fún Gẹ̀ẹ́sì Joe. Ṣùgbọ́n ohùn nìkan kò tó, torí ìyàtọ̀ ọmọdé àti àgbàlagbà tí Àbẹ̀kẹ́ sọ máa ń sá mọ́ etí lọ́wọ́. Ẹ fi ojú tẹ̀ lé ìwé bí ẹ ṣe ń gbọ́ orí 1 sí 10. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹsẹ̀ gbólóhùn náà á ti mọ́ yín lára, ẹ lè pa ohùn náà. Àwọn tó ń kà á fún LibriVox jẹ́ afínnúfíndọ̀, ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yàn. Ẹ má sì mú kí ó sáré ju ìwọ̀n 1.25 lọ.

Àlàbí_Akàwé
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo parí orí 26 lálẹ́ àná, n kò dé ibẹ̀ rí. Ìbéèrè kan ló kù. Mo rí i níbì kan pé ìparí méjì ni ìwé yìí ní. Èwo ló wà nínú tèmi?

Tíṣà Lítíréṣọ̀
Ẹ kú oríire orí 26. Èyí tó wà nínú tiyín ni ti kejì, òun ni ọ̀pọ̀ ẹ̀dà ń fi parí. Dickens ti kọ́kọ́ kọ òmíràn: Estella ti fẹ́ ọkọ mìíràn, dókítà kan, òun àti Pip pàdé ní Piccadilly ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ Joe wà lọ́wọ́ Pip, Estella rò pé ọmọ rẹ̀ ni, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì pínyà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Edward Bulwer-Lytton ló gbà á nímọ̀ràn láti yí i padà kó tó jáde. John Forster ló gbé ti àkọ́kọ́ síta nínú ìtàn ìgbésí ayé Dickens tó kọ, lẹ́yìn tí Dickens ti kú. Ẹ̀dà tó ní àlàyé máa ń tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Ti àkọ́kọ́ ló bá ìwé náà mu jù lójú tèmi.

Àbẹ̀kẹ́_Ìwé
Èmi kò gbà, Tíṣà. Ti kejì kò sọ pé wọ́n fẹ́ ara wọn. Ẹ wo gbólóhùn tó kẹ́yìn. Nínú ti 1861, Pip ní òun kò lè rí òjìji ìpínyà kankan. Láti 1862 ó yí i padà, ó ní òun kò rí òjìji ìpínyà mìíràn. Ẹni tó ń sọ pé òun kò rí òjìji, tó sì ti ń ṣi nǹkan rí láti orí 18, ṣé kí a gbà á gbọ́? Àlàbí, ẹ wo èyí tó wà nínú tiyín.

Ọmọ Ewìrì
Kí ẹ tó dé ibẹ̀, orí 57 àti 58 ni kí ẹ kà lọ́jọ́ kan, kí ẹ pa ìwé dé. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ ṣí orí 59. Ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín wọn nínú ìtàn. Ẹni tó bá kà wọ́n mọ́ra kì í mọ̀ pé àkókò tó bẹ́ẹ̀ ti kọjá, á wá máa bèèrè ìdí tí ohùn Pip fi rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àlàbí_Akàwé
Mo ti gbọ́. Orí 27 ló kàn mí lálẹ́ òní, òun nìkan.